Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí Nípa Pípa Ẹja Bass: Ìdẹ, Ọgbọ́n àti Àríyànjiyàn

Texas ni mo ń gbé, ẹja bass ni mo sì máa ń lọ pa ní Sátidé tí kò bá sí òde ìnáwó. Ìbéèrè kan náà ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọ̀rẹ́ máa ń bi mí ṣáá, mo wá kó wọn jọ síbí.

Irú ẹja wo ni bass yìí gan-an?

Ẹja odò àti adágún ni, Àríwá Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ó pín sí oríṣiríṣi, àmọ́ èyí tí gbogbo ènìyàn ń lé kiri ní Texas ni largemouth, ẹlẹ́nu gbàgà. Ara rẹ̀ ṣe àwọ̀ ewé, ilà dúdú kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ dé ìrù, àgbọ̀n rẹ̀ sì gùn kọjá ẹ̀yìn ojú. Bó bá la ẹnu, ìkúùkù ọmọdé á wọ̀ ọ́ dáadáa. Mo fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, ó ní: "Èpìyà tó ń bínú rèé."

Ẹran ló ń jẹ: ẹja kéékèèké, edé odò tó ní ọwọ́ bíi ti akàn, ọ̀pọ̀lọ́, kódà ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tó bá ṣìnà. Kì í sábà lé oúnjẹ jìnnà. Ńṣe ló máa ń lúgọ sẹ́bàá kùkùté tàbí abẹ́ koríko, kí ó máa retí ohun tí yóò kọjá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí orí ìwà lílúgọ yìí ni gbogbo ọgbọ́n pípa á dúró lé.

Kí ló dé tí ẹ ò kàn fi ekòló sí ìwọ̀?

Ekòló ń pa á. Ẹja kékeré tó wà láàyè tún ń pa á ju ekòló lọ. Ṣùgbọ́n ẹja máa ń gbé oúnjẹ gidi mì wọ inú lọ́hùn-ún, ìwọ̀ á sì há sí i níkùn. Tí ẹ bá fẹ́ dá a padà sómi, òkú lẹ dá padà yẹn. Ìdẹ àtọwọ́dá sábà máa ń mú un ní ètè.

Yàtọ̀ síyẹn, ìdẹ àtọwọ́dá ń jẹ́ kí ènìyàn wá ẹja kiri dípò kó jókòó máa dúró dè é. Ìdí kẹta kò ju pé ó dùn mọ́ mi: rọ́bà lásán ni mo fi tan ẹranko tó ń fi ọdẹ ṣíṣe jẹun.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ni kí n rà?

Ọ̀pá kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7, tí kò le jù tí kò sì rọ̀ jù, irú tí wọ́n ń pè ní medium. Ríìlì spinning, ẹ̀rọ tí a fi ń ká okùn, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2500. Okùn tó lè gbé pọ́n-ùn 10. Páálí ekòló rọ́bà kan, ìwọ̀ offset 3/0, òjé oníṣóńṣó tó wúwo tó ìdá kan nínú mẹ́rin áúnsì, àti pláyà tí ẹ ó fi máa yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja. Ó tán.

Mo mọ ẹnì kan tó ra àpótí ìdẹ mẹ́ta kó tó ju ìwọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ sómi. Èmi ni. Ìdajì wọn ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n bá délé.

Ṣé ìjọba máa ń gba ìwé àṣẹ?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má sì fi ṣeré. Ní Texas, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 17 gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Texas Parks and Wildlife. Inú ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀, ìyẹn state park, ni a ti lè pẹja láìní ìwé náà, ibẹ̀ sì dára fún ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Òfin tó kárí ìpínlẹ̀ ni bass 5 lóòjọ́, kí èyí tí ẹ máa gbé lọ sì gùn tó ínṣì 14.

Àwọn adágún kan ní òfin tiwọn. Ní Lake Fork, tó jẹ́ bíi wákàtí kan àbọ̀ sí ìlà oòrùn Dallas, bass tó bá gùn ju ínṣì 16 tí kò sì tó 24 gbọ́dọ̀ padà sómi. Ẹ ka òfin adágún tí ẹ ń lọ kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí wọ́n máa ń yí i padà. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ omi kì í gba "mi ò mọ̀".

Kí ni Texas rig, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọ̀nà kan ṣoṣo, èyí ni kí ẹ mọ̀. Ẹ ki okùn bọ inú òjé láti ṣóńṣó rẹ̀, kí ẹ wá so ìwọ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi itọ́ pa kókó náà kí ẹ tó fà á le. Okùn tó bá gbẹ máa ń jóná níbi tí ó ti ń ha ara rẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò ti já. Ẹ gún ẹnu ìwọ̀ wọ orí ekòló rọ́bà, kí ó wọlé bí ìdajì èékánná, ẹ yọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fa rọ́bà náà gòkè dé ọrùn ìwọ̀, kí ẹ wá yí ìwọ̀ padà kó kọjú sí ara ekòló.

Ibi tí àwọn ọmọ tuntun ti ń ṣìṣe rèé: ẹ kọ́kọ́ gbé ìwọ̀ lé ẹ̀gbẹ́ ekòló, kí ẹ wo ibi tí ó tẹ̀ dé, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ gún. Ekòló gbọ́dọ̀ nà tàn-àn. Bó bá ká kò, á máa pòòyì nínú omi, okùn yín á lọ́, ẹja á sì sá. Ẹ wá fi ẹnu ìwọ̀ pamọ́ sábẹ́ awọ rọ́bà díẹ̀, kó má baà máa kọ́ koríko. Ìdẹ tó bá rí báyìí lè gba àárín igi kọjá láìhá.

Nick Creme ló ṣe ekòló rọ́bà yìí jáde ní Akron, ìpínlẹ̀ Ohio, ní 1949, kó tó kó ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí Tyler ní Texas níbí.

Mo ju ìwọ̀ títí apá fi ń ro mí, kò sí èyí tó jẹ. Ìdẹ wo ni kí n pààrọ̀ sí?

Ẹ má pààrọ̀ ìdẹ. Ẹ kúrò níbẹ̀ ni.

Èyí tó pọ̀ jù nínú omi adágún ló ṣófo. Ẹ wá ibi tí nǹkan ti yí padà: etí koríko, igi tó wó sómi, òpó dọ́ọ̀kù, òjìji abẹ́ afárá, ibi tí ilẹ̀ ti ya gẹ̀rẹ́ wọ inú ibú. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, èbúté tí ó ń fẹ́ sí ni kí ẹ lọ, nítorí ó ń gbá àwọn ẹja kéékèèké lọ síbẹ̀, bass á sì tẹ̀ lé oúnjẹ.

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo dúró létí omi, mo ń fi gbogbo agbára ju ìdẹ sí àárín adágún. Bàbá aláwọ̀ funfun kan jókòó lórí korobá tó dojú dé, bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí mi. Kò ju ìdẹ tirẹ̀ síwájú rárá. Ẹ̀gbẹ́ ló ń jù ú sí, ní gbọọrọ etí omi, ibi tí omi kò ju orúnkún lọ. Ó mú mẹ́rin. Nígbà tí ó rí i pé mò ń wo òun, kò sọ̀rọ̀, ó kàn fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí koríko tó wà níwájú bàtà mi.

Bí ibi tí ẹ wà bá dára tí kò sì jẹ, ẹ rọra fà á sí i. Tí ẹ bá rò pé ẹ ti rọra tó, ẹ dín in kù sí ìdajì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti jẹ ẹ́?

Kì í fà á lọ gbuurugbu bíi ti àrọ̀. Ńṣe ni bass máa ń la ẹnu lójijì, tí omi àti ìdẹ á jọ ṣàn wọlé. Ohun tí yóò dé ọwọ́ yín ni "tin-tin" kékeré, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka ta awọ ìlù lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà mìíràn kò ní sí tin-tin kankan: okùn kàn ń rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ìdẹ ṣàdédé fúyẹ́ bí ẹni pé ó já.

Bó bá ti mọ̀ pé rọ́bà ni, á tu ú jáde. Nítorí náà, ẹ rẹ orí ọ̀pá sílẹ̀, ẹ ká okùn tó dẹ̀, kí ẹ wá fà á sókè pẹ̀lú agbára. Tó bá ṣe yín bíi pé ó jẹ tàbí kò jẹ, ẹ fà á. Fífà kò náwó.

Ìgbà wo ló dára jù?

Ìgbà ìrúwé, láìsí àní-àní. Bí omi bá ti ń móoru sí dígírì 60 sókè ní Fahrenheit, bass á wá sí etí omi láti yé ẹyin, ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ lásán lè mú ẹja ńlá. Nínú ooru Texas, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni, tàbí òru pàápàá. Lọ́sàn-án, wọ́n á wọ ibú tàbí kí wọ́n wọ abẹ́ òjìji. Nígbà òtútù wọn kì í jẹun púpọ̀, ìdẹ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira rárá.

Ìdẹ pọ̀ lọ súà. Èwo ni ti kí ni?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n kò gba àádọ́ta. Crankbait jẹ́ ẹja oníke tí ó ní pẹpẹ lẹ́nu, pẹpẹ náà ló ń rì í mọ́lẹ̀ bí ẹ ti ń fà á. Ẹ lò ó láti fi wá ẹja kiri, ẹ sì jẹ́ kó máa kọ lu òkúta àti igi, nítorí ìgbà tó bá kọ lu nǹkan tó sì yà ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́. Spinnerbait ní abẹ irin tó ń yí tó sì ń kọ mànàmáná. Omi tó rú díẹ̀ àti ọjọ́ afẹ́fẹ́ ló bá mu. Jig ni òjé oníwọ̀ tó wọ yẹ̀rì rọ́bà, ó ń ṣe bí edé odò, bí mo bá sì ń wá ẹja ńlá kan ṣoṣo, òun ni mò ń lò.

Èyí tó ń léfòó, bíi popper àti Zara Spook, jẹ́ ti àárọ̀ kùtùkùtù nígbà tí omi bá pa rọ́rọ́. Kì í ṣe òun ló ń mú ẹja jù, àmọ́ òun ló ń mú kí ènìyàn má lè sùn lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀.

Àwọ̀ wo ni kí n rà?

Omi tó mọ́ gaara: àwọ̀ ewé, àwọ̀ ilẹ̀, ohun tó jọ ẹja gidi. Omi tó rú: dúdú pẹ̀lú búlúù, tàbí àwọ̀ yẹ́lò tó ń tàn yòò. Òru: dúdú, nítorí láti ìsàlẹ̀ ni ẹja ti ń wò ó, ojú ọ̀run ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Illinois fi hàn pé bass mọ pupa àti àwọ̀ ewé yàtọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n dúdú àti búlúù máa ń dà á lójú rú, yẹ́lò tó ń tàn àti funfun náà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ro iye owó tí àwa apẹja ti ná lórí jig dúdú-pẹ̀lú-búlúù. Ti wa ni búlúù yẹn, kì í ṣe ti ẹja.

Mo fi ọ̀pọ̀lọ́ rọ́bà fà á lórí koríko, omi bú gbàà, síbẹ̀ mi ò rí ẹja. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ẹ yára jù. Ìdẹ frog dára lórí òṣíbàtà àti koríko tó bo omi mọ́lẹ̀, níbi tí ìdẹ mìíràn kò lè dé. Ṣùgbọ́n bass kò rí i tán. Òjìji àti ìró ló ń gbá mú láti abẹ́ ewé, ó máa ń tàsé nígbà mìíràn, tàbí kó gbá koríko mú pẹ̀lú rẹ̀. Ariwo omi á dẹ́rù ba yín, ẹ ó fà á kúrò lẹ́nu ẹja.

Bó bá ti bú, ẹ dúró. Ẹ ka "ení, èjì". Ẹ jẹ́ kí okùn wúwo lọ́wọ́ yín kí ẹ tó fà á, kí ẹ sì fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ jáde nínú oko olóko. Okùn braid, ìyẹn okùn híhun, tó lè gbé pọ́n-ùn 50 sókè ni kí ẹ lò níbẹ̀, èyí tó bá kéré sí i á já sínú koríko.

Okùn mono, fluorocarbon, braid: èwo ni kí n lò?

Mono ń nà, ó sì ń léfòó, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ó dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ àti fún ìdẹ tó ń léfòó. Fluorocarbon ń rì, kì í sì í hàn púpọ̀ nínú omi, ó bá Texas rig àti omi tó mọ́ lọ. Braid kì í nà rárá, ó lágbára gan-an, àmọ́ ó hàn kedere. Tèmi ni pé mo máa ń lo braid lórí ríìlì spinning, kí n so fluorocarbon tó gùn bí apá méjì sí iwájú rẹ̀.

Ríìlì baitcaster mi máa ń tákókó ní gbogbo ìgbà. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Àgbá inú rẹ̀ ló ń yí ju bí ìdẹ ṣe ń lọ, okùn á wá dà bí orí ọmọ tí wọn ò yà irun fún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fún bùréèkì rẹ̀ le sí i, ẹ lo ìdẹ tó wúwo díẹ̀, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò tẹ àgbá náà kí ìdẹ tó kan omi. Inú àgbàlá ilé ni kí ẹ ti kọ́ ọ, kì í ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi àlejò.

Ṣé ìdẹ olówó gọbọi ń mú ẹja ju ti olówó pọ́ọ́kú lọ?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Mo yọ nǹkan méjì sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀: ìwọ̀ tí kò mú dáadáa ti gba ẹja lọ́wọ́ mi ju ohunkóhun lọ. Èkejì ni Senko tí Gary Yamamoto ṣe. Igi rọ́bà lásán ni lójú, kò ní ìrù, kò ní ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ tó fi wúwo, bó bá sì ń rì láìsí òjé, orí àti ìdí rẹ̀ á máa gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ gún ìwọ̀ sí àárín rẹ̀ gan-an, ẹ jù ú, kí ẹ má ṣe nǹkan kan. Kíkó ọwọ́ dúró ló ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ó máa ń tètè ya, ìyẹn ni àléébù rẹ̀. Ẹja méjì tàbí mẹ́ta, ó ti parí.

Ṣé ẹ máa ń jẹ ẹ́, àbí ẹ kàn ń dà á padà?

Ìyàwó mi kò tíì gbà pé ènìyàn pípé lè jí ní aago mẹ́rin òru lọ mú ẹja, kó tún dá a padà. Àṣà yìí gbilẹ̀ láti ìgbà tí Ray Scott, tó dá B.A.S.S., ẹgbẹ́ àwọn apẹja bass, sílẹ̀, ti ń rọ àwọn olùdíje ní 1972 láti dá ẹja wọn padà láàyè. Àwọn ẹja ńlá yìí ló ń bí àwọn ẹja ńlá ọ̀la. Ní Texas, ètò ShareLunker ń gba bass tó bá tó pọ́n-ùn 13 láti fi ṣe ìyá. Èyí àkọ́kọ́ ni Mark Stevenson mú ní Lake Fork ní 1986, pọ́n-ùn 17.67. Wọ́n sọ ọ́ ní Ethel, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú gíláàsì ńlá ní ilé ìtajà Bass Pro Shops ní Springfield, ìpínlẹ̀ Missouri, tí èrò ń wò ó.

Àwọn kékeré tí òfin gbà dùn nínú ọbẹ̀ ata, mo máa ń jẹ wọ́n láìbẹ̀rù. Àwọn ńlá ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí mercury, irin olóró kan, máa ń pọ̀ lára ẹja tó ń jẹ ẹja. Ìjọba ti ṣe ìkìlọ̀ lórí bass Caddo Lake fún ìdí yìí.

Bí ẹ bá máa dá a padà, ẹ fi omi pa ọwọ́ kí ẹ tó dì í mú. Ẹ fi àtàǹpàkò di ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ọwọ́ kejì gbé ikùn. Ẹ má fi àgbọ̀n nìkan gbé ẹja ńlá ní ìbú. Bó bá gbé ìwọ̀ mì, ẹ gé okùn, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ṣé ó dáa láti pa á lórí ìtẹ́?

Àríyànjiyàn gidi rèé. Akọ ló máa ń gbá ilẹ̀ mọ́ pẹ̀lú ìrù, òun náà ló ń ṣọ́ ẹyin àti ọmọ. Tí ẹ bá ju ìdẹ sórí ìtẹ́, kì í ṣe ebi ló ń mú un gbé e, ńṣe ló fẹ́ lé ọ̀tá jáde. Bí ẹ bá ti gbé e kúrò, ẹja bluegill tó ti dúró nítòsí á wọlé jẹ ẹyin.

Texas kò kà á léèwọ̀. Àwọn tó ń ṣe é sọ pé adágún wa ṣì kún fún ẹja lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣófo. Èmi kì í ṣe é. Mo ti wo akọ kan tó ń yí ìtẹ́ rẹ̀ ká fún ìdajì wákàtí, tó ń lé gbogbo ohun tó sún mọ́ ọn. Mo ká okùn mi.

Ẹ̀rọ tó ń fi ẹja hàn lójú ẹsẹ̀ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ìyànjẹ?

LiveScope tí Garmin gbé jáde ní 2018 ló dá ìjà yìí sílẹ̀. Lójú gíláàsì rẹ̀, ẹ ó rí ẹja kan ṣoṣo níbi tó dúró sí, ẹ ó rí ìdẹ yín tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá bá a, ẹ ó sì rí i bó bá yíjú. Àwọn ọ̀dọ́ gbà á mọ́ra, àwọn àgbà tó fi ogún ọdún mọ ibi tí kùkùté wà sì fárí gá. Ní 2025, Major League Fishing, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje ẹja pípa, fi òfin dè é nínú ìdíje Bass Pro Tour: ìpele kan péré nínú mẹ́ta lóòjọ́ ni wọ́n lè lò ó lọ́dún náà.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2011, Paul Elias fi Alabama rig, wáyà márùn-ún tó gbé ìdẹ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, gba ipò kìíní nínú ìdíje kan ní adágún Guntersville, ìpínlẹ̀ Alabama, kò sì pẹ́ tí B.A.S.S. fi kà á léèwọ̀ nínú ìdíje rẹ̀ tó ga jù. Èrò tèmi ni pé rírí ẹja kò túmọ̀ sí pé yóò jẹ. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń wo gíláàsì láti àárọ̀ dalẹ́ kò lọ sí odò, ọ́fíìsì ló lọ.

Èwo ló tóbi jù láyé?

Méjì ló jọ di ipò náà mú. George Perry mú tirẹ̀ ní Montgomery Lake, ìpínlẹ̀ Georgia, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà 1932: pọ́n-ùn 22 àti áúnsì 4, ìyẹn kílò 10 àti díẹ̀. Manabu Kurita mú tirẹ̀ ní Lake Biwa ní Japan ní ọjọ́ kejì oṣù keje 2009, ó sì fi bíi áúnsì kan ju ti Perry lọ. Àmọ́ òfin ní ó gbọ́dọ̀ fi áúnsì 2 jù ú, torí náà wọ́n kà wọ́n sí ọgbọọgba. Bluegill ààyè ni Kurita lò. Ìdẹ àtọwọ́dá ni Perry lò, ó gbé ẹja rẹ̀ relé, ìdílé rẹ̀ sì jẹ ẹ́.

Ṣé mo lè lo ìdẹ wọ̀nyí ní Nàìjíríà?

Bass kì í ṣe ẹja omi wa. Gúúsù Áfíríkà, Zimbabwe àti Kẹ́ńyà wà lára ibi tí wọ́n ti kó o wọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n crankbait ńlá tó ń rì jìn máa ń pa Nile perch, tí àwọn Haúsá ń pè ní giwan ruwa, ó sì wà ní adágún Kainji. Ọ̀pá tí mo júwe lókè kò ní gbà á o. Ẹja yẹn lè wúwo ju ẹni tó ń fà á lọ.

Ẹja tẹ̀ lé ìdẹ mi wá dé ẹ̀bá ọkọ̀, ó wò ó, ó yí padà. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ó ti rí i tipẹ́ jù. Ohun tó ń sá lọ ní ọ̀nà kan ṣáá, tí kò yà, tí kò yára sí i, kò jọ ẹja tó mọ̀ pé ikú ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní àárín ọ̀nà, ẹ dá ìdẹ dúró bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, tàbí kí ẹ ká ríìlì kíákíá lẹ́ẹ̀mejì lójijì, kí ẹ tún padà sí bí ẹ ti ń fà á. Nígbà tí ìdẹ bá yí ìwà padà ni ẹja máa ń ṣe ìpinnu.

Bó bá ti padà, ẹ má ju ìdẹ kan náà sí i. Ẹ ti gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá kejì tí Senko wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jù ú sí iwájú ibi tí ẹ ti rí ìrù rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó rì fúnra rẹ̀, kí ẹ sì máa wo okùn níbi tí ó ti wọ omi.